Bí Ìtànṣán Lésà Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Dígí

Ẹni tó bá ti najà ní Novare Mall, Ṣàngótẹ̀dó, á mọ iná pupa tó máa ń kọ mànà lára ọjà níbi tí wọ́n ti ń gbowó. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, dígí kan ló ń yí, tó ń fọ́n ìtànṣán lésà káàkiri títí yóò fi bá ìlà dúdú ara ọjà. Ìlú Troy ní Ohio, Amẹ́ríkà, ni kíka ìlà dúdú yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní June 26, 1974, pẹ̀lú ṣingọ́ọ̀mù Wrigley tí wọ́n tà ní 67 sẹ́ǹtì.

Ohun tó bá ń yí a máa gbó, a sì máa gbówó lórí. Velodyne HDL-64E, ẹ̀rọ tó ń fi lésà wo àyíká, tí wọ́n máa ń gbé sórí ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní lésà 64. Odindi orí rẹ̀ ló ń yí, owó rẹ̀ sì tó 75,000 dọ́là nígbà tí wọ́n ń tà á.

Ní 2013, Jie Sun, Michael Watts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní MIT to ẹ̀rìyà ìmọ́lẹ̀ 4,096 sórí ṣíìpù sílíkọ́nì tí kò tó mìlímítà kan níbùú-lóròó. Lórí ṣíìpù kejì, tó ní ẹ̀rìyà 64, wọ́n darí ìtànṣán láìsí dígí rárá. Ẹ wo àwọn ọmọ iléèwé tó ń yan: bí àwọn tó wà lápá ọ̀tún bá fẹsẹ̀ falẹ̀, gbogbo ìlà á yà sọ́tùn-ún. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Ooru díẹ̀ ló ń mú un falẹ̀ nínú sílíkọ́nì. Ọgbọ́n yìí wú mi lórí gan-an ni.

Ní 2022, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ming Wu ní Berkeley gba ọ̀nà mìíràn: ẹ̀rìyà 16,384, swíìṣì kéékèèké sì ń tan wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bíi mítà 10 péré ni ṣíìpù wọn ríran dé, èyí kò tíì tó fún mọ́tò tó ń sáré lójú títì Lekki sí Ẹpẹ́.

Iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀, kò sì dìgbà tí a bá ní ilé-iṣẹ́ ṣíìpù ká tó dá sí i. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ya àwòrán ṣíìpù. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é máa ń kó àwòrán ọ̀pọ̀ iléèwé pọ̀ sórí àwo sílíkọ́nì kan kí owó lè fúyẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Pan-Atlantic University, lójú títì Lekki sí Ẹpẹ́ kan náà, àti ní Yunifásítì Èkó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa àwọn ọmọ wa wọnú iṣẹ́ yìí.