Ẹ̀rọ Tó Ka Kòrónà ní Ẹdẹ: Ṣé Dandan Ni Kí Yunifásítì Kọ̀ọ̀kan Ra Tiẹ̀?

Àbúrò mi kan tó ń ṣe máásítà pè mí láti Ìfọ́n. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ibà mú níbẹ̀ ló fẹ́ yẹ̀ wò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ wà ní ilé ìwé wa o, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ti jápa, kẹ́míkà ẹ̀ náà ti tán." Aṣọ ni wọ́n fi bò ó.

Ẹ wò ó, kì í ṣe gbogbo ilé ló ń ra ẹ̀rọ ata. Ẹyọ kan tó àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó ń ka àbùdá kòkòrò àrùn. Kẹ́míkà tó máa jẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kó ti olùwádìí púpọ̀ pọ̀, tí wọ́n á fi àmì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà dàrú. (Ata tiyín kì í rí irú àmì yẹn o!)

Ẹ gba Òṣogbo kọjá sí Ẹdẹ, ẹ óò bá ibùdó tí wọ́n ń pè ní ACEGID tẹ́lẹ̀ ní Yunifásítì Redeemer's. Owó Báńkì Àgbáyé ti wọ ibẹ̀ rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àtàwọn èèyàn rẹ̀ ka kòrónà tó wà lára ará Ítálì tó gba Èkó wọlé: lẹ́tà bí 30,000. Àkọ́kọ́ nìyẹn nílẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́tà yẹn ló ń fi hàn bóyá àrùn ti ń yí padà.

Mo ní kí ọ̀gá rẹ̀ kọ̀wé sí wọn. Ó ní, "Firísà tó gbé ẹ̀jẹ̀ yìí dúró ńkọ́, tí iná bá lọ kí wọ́n tó fèsì?"