Kí Làwọn Ọmọ Ruwa Rí?

Lónìí, ẹ jẹ́ ká dé Ruwa, nítòsí Harare ní Zimbabwe. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994, àwọn ọmọ Ariel School tó lé ní 60 sọ pé àwọn rí ohun kan tó ń dán nínú igbó ẹ̀yìn pápá ìṣeré, pẹ̀lú àwọn ẹ̀dá kúkurú olójú ńlá.

Ibì kan náà ni wọ́n dúró sí, orúkọ tí wọ́n fún un ni kò dọ́gba. Ẹ̀rù ba àwọn kan pé tokoloshe ni, iwin kúkurú tí wọ́n máa ń sọ ìtàn rẹ̀ ní gúúsù Áfíríkà. Àwọn míì ní ará ayé mìíràn ni. Bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ méjì ṣáájú, iná ńlá kan ti la ojú ọ̀run kọjá níbẹ̀: àfọ́kù rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ló ń jó bọ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí iná bá kọjá lójú sánmà lóru, ìyá mi àgbà á ní, "Wọlé, àwọn àgbà ń lọ sípàdé." Tílẹ̀ bá mọ́, ojú burúkú la fi ń wo ìyá arúgbó kan ládùúgbò. Ó ṣì ń dùn mí. Iná la rí, èèyàn la fẹ̀sùn kàn.

Tí fóònù yín bá ká nǹkan lójú sánmà lálẹ́ yìí, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ ọ́ lórúkọ.