Wáàtì Orí Páálí Kọ́ Ló Ń Mú Smoothie Kúnná

Ẹni tó bá wọ ìsọ̀ àwọn tó ń ta bùlẹ́ńdà ní Alábà l'Ékòó, wáàtì ni wọn yóò kọ́kọ́ nàka sí fún un. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí: 600, 1,000, 2,000, òmíràn tilẹ̀ ń gbé 4,500 sórí. Oníbàárà a sì gbà pé èyí tó bá pọ̀ jù ni yóò lọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kúnná jù. Owó ńlá ni èrò yìí ń gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ni wáàtì ń sọ. Kò sọ bí yóò ṣe lọ nǹkan sí. Nínú iná tó bá jẹ, apá kan ni yóò yí abẹ, ìyókù á di ooru àti ariwo. Nọ́ńbà náà gan-an kì í sì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo. Pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò ní Nàìjíríà, fíúsì inú rẹ̀ kì í ju ámpíà 13 lọ. Bí a bá sọ 13 di ìlọ́po 230, tí í ṣe fólítì iná ilé wa, wáàtì 2,990 ni a ó rí. Ibo ni 4,500 ti wá wá? Ẹ wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde nídìí bùlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà, wáyà áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ nípọn jù ú lọ.

Ohun tó ń mú smoothie kúnná ni kí èso máa padà wá bá abẹ. Abẹ kì í wá nǹkan kiri. Ojú kan ló wà, ohun tó bá bọ́ sí i lẹ́nu ló ń gé. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ láti 1922, nígbà tí Stephen Poplawski ní ìlú Racine, ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tó ń po mílíìkì, tó sì gbé abẹ sí ìdí ife dípò kó máa gbé e kọ́ láti òkè. Bí abẹ bá ti ń yí nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi á máa yí bírí, àárín rẹ̀ á jìn, èso òkè á gba inú ihò yẹn bọ́ sórí abẹ, abẹ á sì jù ú padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè tún gòkè. Bí ìyípo yìí bá dúró, iṣẹ́ ti dúró nìyẹn. Ẹ fetí sí i nígbà tó bá ṣẹlẹ̀: ohùn ẹ́ńjìnnì á ṣàdédé lọ sókè, á tín-ín-rín, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló yí abẹ ká, kò rí nǹkan gé mọ́, ègé máńgòrò tó wà lókè á sì dúró jẹ́ẹ́. Kò sí iye wáàtì tó ń wo àrùn yìí sàn bí omi díẹ̀ tàbí yógọ́ọ̀tì. Ohun olómi ni kó kọ́kọ́ wọ jọ́ọ̀gì, kí èso tẹ̀ lé e, kí yìnyín gbẹ̀yìn.

Nítorí náà, jọ́ọ̀gì ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ wò. Èyí tí ìdí rẹ̀ fún, tó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sókè, á máa da èso padà sórí abẹ. Èyí tó fẹ̀ nídìí tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ á jẹ́ kí èso sá sí ẹ̀gbẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo là ń ṣe. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀: ó yẹ kí ẹ bá àwọn ìlà tó yọ gọngọ lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí àwọn ni kì í jẹ́ kí gbogbo ohun inú rẹ̀ kàn máa yí po lójú kan. Kí apá kan abẹ kọ sókè, kí òmíràn tẹ̀ sísàlẹ̀, kó má sì jìnnà sí ìdí jọ́ọ̀gì. Bóyá dígí ni tàbí rọ́bà, ìyẹn kò tó nǹkan: dígí kì í gba òórùn, rọ́bà kì í tètè fọ́.

Ẹnì kan lè wá béèrè pé yìnyín ńkọ́, èso tó dì gbagidi nínú fíríísà ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ohun líle máa ń há abẹ, ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára á gbóná, kọ́ílì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹni tí yóò máa lọ yìnyín lójoojúmọ́, n kò ní gbà á níyànjú láti ra ohun tó kéré sí 600 wáàtì tòótọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, mélòó nínú wa ni èso inú fíríísà rẹ̀ ń dì dójú àmì? Ìbẹ́pẹ, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kò nílò agbára púpọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" kò sì lè gbé bùlẹ́ńdà 1,000 wáàtì, kí a má tíì dárúkọ tẹlifíṣọ̀n àti fáànù tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ra èyí tó tóbi ju iná ilé rẹ̀ lọ, ìgbà tí iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná bá mú iná wá nìkan ni yóò máa mu smoothie.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́ nípa ẹ̀rọ náà, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. 220–240V àti 50Hz ló yẹ kí ẹ bá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 120V, bí èyí tí àwọn ẹbí máa ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, yóò jó bí ẹ bá kì í bọ iná wa láìsí transformer. Lára àwọn kan, ẹ ó tún rí "KB 1 min": kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó sinmi. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó jó, àìjẹ́ kó sinmi ló pa á.

Ẹlòmíràn á ní òun kò lè ra bùlẹ́ńdà fún smoothie nìkan nígbà tí ata wà nílẹ̀. Kò burú, kó ra èyí tó ní jọ́ọ̀gì méjì, nítorí pé òórùn ata máa ń wọ inú rọ́bà róbótó tó wà lábẹ́ abẹ, ọṣẹ kì í sì í tètè yọ ọ́. Rọ́bà mìíràn tún wà, eléyín, tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí jọ́ọ̀gì. Òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ, ó sì sàn kí òun jẹ ju kí ẹ́ńjìnnì jó lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún irú rẹ̀ ṣe ládùúgbò yín bóyá ó ní rọ́bà eléyín yẹn, bóyá ó sì ń rí abẹ àti jọ́ọ̀gì rẹ̀ rà lọ́tọ̀. Bó bá ní kò sí, ẹ fi bùlẹ́ńdà náà sílẹ̀, iye wáàtì tó wù kó wà lórí páálí rẹ̀.