Ibà Inú Oyún Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá tí ń ka ìwé wa, ọ̀ràn kan wà tí ó ti fa ìjà sínú ilé púpọ̀, tí kò sì yẹ kí ó fà á. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan tí ó dàgbà ní Ìgbẹsà. Ibà dá a wó léraléra ní kékeré, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti bàlágà, ibà kò tún rí i gbé ṣe mọ́. Ó lọ sí ilé ọkọ, ó lóyún àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lára rẹ̀. Ọmọ tí ó bí kéré púpọ̀. Nígbà tí ó lóyún ẹ̀kẹta, kò sí ohun tí ó ṣe é. Àwọn ará ilé a wá máa wo ìyá ọkọ ní ìwòkuwò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyá ọkọ sílẹ̀. Kòkòrò ibà fúnra rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò.

Kòkòrò yìí, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní Plasmodium falciparum, inú hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ni ó ń gbé. Ẹ̀yà ara kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn wa tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí asẹ́ ti ń sẹ́ ògì; hóró tí ó bá ti bàjẹ́ kì í rọrùn fún un láti kọjá níbẹ̀. Kí kòkòrò náà má baà dé ọ̀dọ̀ asẹ́ yìí, ó ń ṣe purotéènì kan, ó sì ń tì í jáde sí ara hóró tí ó fi ṣe ilé. Purotéènì náà dàbí èèmọ́ tí í lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tí ó gba inú pápá kọjá: ó ń lẹ hóró náà mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀, kò sì ní bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn lọ. Níbi tí ó bá lẹ̀ mọ́ ni ìyà ti ń jẹni. Bí ó bá ṣe inú ọpọlọ ni, gìrì àti dákú ni yóò tẹ̀ lé e, àwọn ọmọdé ni ó sì ń pa jù.

Ara wa kò ká ọwọ́ gbera. Ó ń rọ ohun ìjà tí ó dá purotéènì náà mọ̀. Ní 1961, Sydney Cohen àti Ian McGregor pẹ̀lú alábàáṣiṣẹ́ wọn fi èyí hàn ní Gáḿbíà: wọ́n yọ ohun ìjà náà láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà, wọ́n fi fún àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì dínkù gidigidi. Ṣùgbọ́n ọ̀tá yìí gbọ́n. Nǹkan bí 60 ni ẹ̀wù purotéènì tí ó kó sínú àpótí rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ara bá ti mọ èyí, a bọ́ ọ, a gbé òmíràn wọ̀. Àpótí kòkòrò kan kò sì rí bákan náà pẹ̀lú ti èkejì. Nítorí èyí ni ọmọdé fi ń ṣe ibà lọ́tùn-ún lọ́tùn-ún, tí àgbàlagbà tí ó ti rí ẹ̀wù púpọ̀ sì fi ń fara dà á.

Ó wá ku ẹ̀wù kan tí ọkùnrin àti ọmọdébìnrin kì í sábà bá pàdé. VAR2CSA ni orúkọ rẹ̀. Nǹkan kan tí ó bá ṣúgà tan, chondroitin sulfate A, wà lára ibi ọmọ. Òun ni ẹ̀wù yìí ń lẹ̀ mọ́. Michal Fried àti Patrick Duffy ni ó fi ìlẹ̀mọ́ yìí hàn ní 1996, láti inú ibi ọmọ àwọn obìnrin ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ní 2003 ni Ali Salanti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí purotéènì náà. Ẹni tí kò lóyún rí kò ní ibi ọmọ, ara rẹ̀ kò sì tíì kọ́ bí a ti ń bá ẹ̀wù yìí jà. Ní oyún àkọ́kọ́, kòkòrò a kún inú ibi ọmọ, oúnjẹ ọmọ a dínkù. Nígbà tí oyún kejì àti ẹ̀kẹta bá dé, ara ti mọ ọ̀tá rẹ̀.

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù ni pé ara aboyún náà lè máà gbóná rárá. Kòkòrò ti sá pamọ́ sínú ibi ọmọ; a lè gún un ní ìka, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí a má sì rí ohunkóhun. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gbà wá níyànjú pé, ní ilẹ̀ bíi tiwa, kí aboyún máa lo oògùn sulfadoxine-pyrimethamine ní ilé ìwòsàn, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá, láti ìgbà tí oyún bá ti wọ oṣù kẹrin. Kí oṣù kan, ó kéré tán, wà láàrin ìgbà kan sí èkejì, kí ìgbà tí yóò lò ó má sì dín ní 3. Ẹni tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò bá lára mu, tàbí tí ó ń lo cotrimoxazole nítorí kòkòrò HIV, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó gbà á. Àwọn ìyàwó ọ̀dọ́ tí ó bá ọkọ wọn wá sí ibi iṣẹ́ ní Ìgbẹsà àti Ọ̀tà a máa wí pé, “Ara mi le, kí ni n óò fi oògùn ṣe?” Ara líle náà gan-an ni ó ń tàn wọ́n jẹ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní Kebbi àti Bayelsa ní oṣù Kejìlá 2024, purotéènì mìíràn ni ó ń lépa. Ti aboyún ṣì wà lọ́nà. A ti dán PAMVAC wò ní Jámánì àti ilẹ̀ Benin, a sì ti dán PRIMVAC wò ní Faransé àti Burkina Faso. Ara àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn rọ ohun ìjà sí VAR2CSA, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó tíì dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì wa. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé náà ń wá ni pé kí ara ọmọbìnrin ti mọ ẹ̀wù yìí kí ó tó lóyún rárá.