Òdòdó Tí Kì Í Tètè Kú Ní Bìní

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi ìlú Bìní ṣe ibùgbé, bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ọ̀pọ̀ wa a máa ra òdòdó ẹlẹ́gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òjò oṣù keje a lù ú mọ́lẹ̀, ọyẹ́ a sì pa èyí tó bá kù. Owó gbé nìyẹn.

Bougainvillea, ixora àti croton ló ń fara dà á. Ẹ̀ka bougainvillea tó ti gbó ni kí ẹ gé gbìn, níbi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa. Bí omi bá rogún sí ìdí rẹ̀, yóò rà. Ní ti croton, ewé rẹ̀ gan-an ni òdòdó rẹ̀. Olómi-òjò náà lágbára, ṣùgbọ́n májèlé ni èso rẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ kékeré kó má gbìn ín.

Ọ̀rọ̀ wa gan-an dá lórí pèrègún àti akòko. Wọn kì í kú bọ̀rọ̀, àmọ́ pèrègún la fi ń pààlà ilẹ̀ nílé wa, àwọn Ẹ̀dó sì máa ń gbin akòko, tí wọ́n ń pè ní ikhinmwin, sí ojúbọ. Ayálégbé kan nínú wa gbin akòko sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nítorí òdòdó aláwọ̀ àlùkò rẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ní ilẹ̀ òun ló fẹ́ gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa béèrè kí ẹ tó gbìn. Àwa la gbé obì lọ bẹ bàbá náà. A hú akòko ọ̀hún. Ixora ló wà níbẹ̀ báyìí.