Kí Atalẹ̀ Wa Tó Bàjẹ́: Bí A Ṣe Ń Ṣe Atalẹ̀ Oníṣúgà Nílé

Ní ìpàdé wa tó kọjá, mo gbé atalẹ̀ oníṣúgà díẹ̀ wá, gbogbo yín sì tọ́ ọ wò. Àwọn tí ń ta èlò ọbẹ̀ ní kí n sọ bí mo ṣe ṣe é. Ìyálọ́jà ní kí n kúkú kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, nítorí ohun tí a bá fi ẹnu sọ lásán, kí a tó délé a ti gbàgbé ìdajì rẹ̀. Òun nìyí. Atalẹ̀ tí mò ń wí ni èyí tí àwọn míì ń pè ní jínjà. Kì í ṣe atalẹ̀ pupa o.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ẹ ó rántí pé ní ọdún 2023, àrùn kan wọ oko atalẹ̀ ní gúúsù ìpínlẹ̀ Kàdúná, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú atalẹ̀ ilẹ̀ wa ti ń wá. Ewé á kọ́kọ́ pọ́n, á wá rọ, atalẹ̀ á sì jẹrà sínú ilẹ̀. Àgbẹ̀ míì ò rí nǹkan kan kó bọ̀ láti oko. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi gbé ìgbìmọ̀ dìde nítorí rẹ̀ lọ́dún náà. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, àwa náà gbọ́ ọ nínú àpò owó wa níhìn-ín. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, owó tí à ń fi ra odindi àpò tẹ́lẹ̀ kò lè ra ìdajì àpò mọ́.

Lọ́dún náà, mo gba èsúsú mi, mo kó gbogbo rẹ̀ lé àpò atalẹ̀ kan ṣoṣo. Mo ní bó ṣe wọ́n yìí, èrè á wà ńbẹ̀. Ìgbà òjò sì ni. Mi ò tú u, mi ò sá a, mo kàn tì í sí igun ìsọ̀. Nítorí pé ó wọ́n, àwọn oníbàárà ò rà á bí mo ṣe rò. Ẹni tó ń ra ẹyọ mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan ló ń rà. Ẹlòmíì ní ata ti tó òun. Nígbà tí mo máa tú àpò náà dé ìsàlẹ̀, ooru ti mú un, ó ti bu, irun funfun ti hù lára rẹ̀. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tí mo dà sí ààtàn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èsúsú kì í gbọ́ àwáwí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san owó atalẹ̀ tí kò sí mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́ṣẹ́ oúnjẹ síse ní Ìbàdàn ló wá bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò mú díẹ̀ níbẹ̀ fi ṣúgà sè kó tó bàjẹ́?" Ọ̀rọ̀ "kó tó bàjẹ́" yẹn ni ẹ jẹ́ kí a dì mú. Atalẹ̀ oníṣúgà kì í ṣe ọ̀nà tí a fi ń gba atalẹ̀ tó ti jẹrà là. Èyí tó ti bu, ààtàn ni ibi tirẹ̀. Ẹ má ṣe gé ibi tó bu kúrò kí ẹ wá se ìyókù fún ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ọjà erùpẹ̀, a ó gba owó òkúta. Ọjọ́ tí a bá tú àpò, tí a sì rí i pé ọjà ò yá, ọjọ́ náà ló yẹ kí a mú èyí tó le dáadáa sọ́tọ̀.

KÍ NI ṢÚGÀ Ń ṢE LÁRA RẸ̀?

Ohun tí ń ba oúnjẹ jẹ́ jẹ́ àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú wa ò lè rí. Wọn ò lè gbé láìsí omi. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sá iṣu kó tó di ẹ̀lùbọ́, tí a fi ń yan gàrí títí á fi gbẹ, tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń rẹ́ iyọ̀ sí ẹja. Iṣẹ́ tí iyọ̀ ń ṣe lára ẹja ni ṣúgà ń ṣe lára atalẹ̀: ó ń fa omi inú rẹ̀ jáde, òun fúnra rẹ̀ á sì wọlé rọ́pò.

Kì í ṣe nǹkan tuntun láyé. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fi ṣúgà pa atalẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń kó o sínú ìkòkò ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dí ọ̀nà, tí atalẹ̀ Ṣáínà ò lè dé Ọsirélíà mọ́, àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ ní ìlú Buderim lọ́hùn-ún da ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1941. Inú ilé alágbẹ̀dẹ àtijọ́ kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Ó di iléeṣẹ́ ńlá. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Ẹgbẹ́ bíi tiwa yìí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

ÌGBÀ WO LÓ DÁRA JÙ?

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ìdí méjì ló wà. Èkínní, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá lọ ni atalẹ̀ tuntun ti ń jáde. Èyí tí kò tíì gbó púpọ̀ máa ń rọ̀, okùn inú rẹ̀ kì í pọ̀. Èkejì, ọyẹ́ ilẹ̀ wa ní Òkè-Ògùn yìí gbẹ, ó sì ń gbẹ nǹkan. Nígbà òjò, ṣúgà máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ohun tí ẹ bá sá á kàn máa làágùn ni. Ọyẹ́ tó ń bẹ́ wa lẹ́nu, tó ń bẹ́ wa lẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wa díẹ̀.

OHUN TÍ A Ó LÒ

Kílò kan atalẹ̀ tí a ti ha, tí a sì ti gé. Ṣúgà wẹ́wẹ́ kílò kan, àti ìwọ̀n ife kan sí i tí a ó fi yí i lára. Omi tó mọ́. Ìkòkò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, omorogùn, ajere tàbí asẹ́, tíréè, àti aṣọ nẹ́ẹ̀tì tí a ó fi bò ó nítorí eṣinṣin.

Oríṣi atalẹ̀ méjì la mọ̀ jù láti òkè. Àwọn Haúsá ń pe èkínní ní Tafin Giwa, ìyẹn àtẹ́lẹsẹ̀ erin: ó tóbi, ó sanra, inú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin. Èkejì ni Yatsun Biri, ìka ọ̀bọ: ó tín-ín-rín, ó dúdú díẹ̀, ó sì ta ju èkínní lọ. Ẹsẹ̀ erin ni kí ẹ mú fún iṣẹ́ yìí, torí ó rọrùn láti ha. Ẹ mú èyí tó le, tó wúwo lọ́wọ́, tí awọ rẹ̀ ń dán.

BÍ A Ó ṢE ṢE É

1. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ fi etí síbí ha èèpo rẹ̀. Ọ̀bẹ máa ń gé ẹran ara rẹ̀ mọ́ èèpo, owó yín sì ni.

2. Ẹ gé e ní ìbú, kó nípọn bíi kọ́bọ̀ méjì tí a tò léra. Tí ẹ bá gé e ní òró, okùn rẹ̀ á máa há síni léyín.

3. Ẹ da omi lé e lórí kó bò ó dáadáa, kí ẹ sè é fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sẹ́ omi àkọ́kọ́ yìí sọ́tọ̀. Èyí á dín títa rẹ̀ kù. Ẹ má da omi náà nù o. Ó dára fún sóbò àti kúnú.

4. Ẹ da omi mìíràn sí i, kí ẹ sè é títí á fi rọ̀, bí ìṣẹ́jú 30 sí 40. Èyí tó bá ti gbó á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un wò. Tí abẹ́rẹ́ ò bá wọlé wọ́ọ́rọ́, kò tíì jinná, ẹ má tíì fi ṣúgà sí i.

5. Ẹ sẹ́ omi rẹ̀, kí ẹ bu ife kan níbẹ̀ pa mọ́. Ẹ wọn atalẹ̀ náà lórí òṣùwọ̀n. Iye tó bá wọ̀n, iye ṣúgà nìyẹn. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò tó ń ta ẹran tàbí ẹja tútù. Ẹ má ṣe fi kóńgò wọn ọ́n, torí pé kóńgò ṣúgà wúwo ju kóńgò atalẹ̀ lọ.

6. Ẹ da atalẹ̀, ṣúgà àti ife omi yẹn padà sínú ìkòkò, kí ẹ gbé e ka iná èédú tó rọra ń jó. Ṣúgà á yọ́, á máa hó. Ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti ń ki bí oyin, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá fi omorogùn gbé e sókè, tí omi ṣúgà náà ń fà bí okùn, tí atalẹ̀ sì ń dán tí ojú rẹ̀ mọ́ bíi gíláàsì, ó ti tó. Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

7. Ẹ dà á sínú ajere, kí ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Omi ṣúgà tó bá ro sínú abọ́, ẹ gbé e pa mọ́ sínú ìgò.

8. Kó tó tutù tán, ẹ yí i nínú ṣúgà wẹ́wẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra. Ẹ tẹ́ ẹ sórí asẹ́, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Ẹ jẹ́ kí ó sùn kí ó jí, tàbí kó lo ọjọ́ méjì, títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré nílé, ẹ lé wọn jìnnà sí ìkòkò yìí. Ṣúgà gbígbóná burú ju omi gbígbóná lọ, nítorí pé ó ń lẹ̀ mọ́ ara ni. Tó bá ta síni lára, omi tútù lásán ni kí a máa dà sí i fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo, ẹ má fi ẹyin, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín. Tó bá bó tàbí tó gbòòrò, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

IBI TÍ MO TI ṢE É TÌ

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bà á jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́ẹ̀kínní, mi ò se atalẹ̀ rọ̀, mo kàn dà á sínú ṣúgà ní tútù. Ṣúgà fa omi inú rẹ̀ tán, ó sún kì, ó le bí egungun. Mo tún kó iná sí i pé kó tètè ṣe, ṣúgà jóná, ó korò. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dára nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ ni, òjò ń rọ̀. Kò tíì gbẹ tí mo ti dì í sínú ọ̀rá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó bu. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí ẹ má gbàgbé: kó rọ̀ kí ṣúgà tó kàn án, kí iná rẹ̀ kéré, kó gbẹ kí a tó dì í. Èyí tó gbẹ dáadáa, tó wà nínú ìgò tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin, á lo ọ̀pọ̀ oṣù.

ÈRÈ ŃKỌ́?

Ẹ kọ owó atalẹ̀, owó ṣúgà, owó èdú àti owó ọ̀rá sílẹ̀, kí ẹ ró o pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, kì í ṣe iye ọjà o. Ká ní gbogbo rẹ̀ ná yín ní N6,000, tí ẹ sì rí ọ̀rá kékeré 60 dì nínú rẹ̀. Ọ̀rá kan ti ná yín ní N100. Tí ẹ bá ta á ní N150, èrè N3,000 ni. Ṣùgbọ́n tí mẹ́wàá bá bu nínú rẹ̀, N7,500 péré lẹ ó rí gbà, ìdajì èrè ti lọ. Ìyẹn ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ kí ó gbẹ. Omi ṣúgà tó wà nínú ìgò, ẹ tà á fún àwọn oníṣóbò. Nígbà míì òun ló ń san owó èédú padà.

Kílò kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àpò. Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ lẹ orúkọ mọ́ ọn lára kí ẹ máa gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn, Ṣakí tàbí Ìbàdàn, ẹ rántí pé òfin ní kí oúnjẹ tí a dì tà gba nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì wọn kí ẹ tó tẹ bébà. Ẹ sì máa sọ òtítọ́ fún oníbàárà: oúnjẹ ìpanu ni, kì í ṣe oògùn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó yàgò fún un, ṣúgà ni ìdajì rẹ̀.

Mi ò sọ pé èyí á dá owó atalẹ̀ tó jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́ padà. Ìyẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí mo bá gbé àpò dé ni mo ń tú u, tí mò ń ṣà á, tí mò ń sá a. Èyí tí mo bá rí i pé kò ní tètè tà ní í wọ ìkòkò, kì í wọ ààtàn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó pẹ̀lú ojú, kó wá bá mi ní ìsọ̀ lẹ́yìn ìpàdé, kó mú síbí tirẹ̀ dání.

Ọjà á tà o, a ò ní ta àdánù. Èmi ni akọ̀wé yín.