Ilé Tí Wọ́n Ń Pọ̀n Di Èyí Tí Wọ́n Ń Fà

Pípọ̀n yàtọ̀ sí fífà. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ibi tí ìyá bá yà sí lòun náà ń yà sí. Ọ̀já ti sọ àwọn méjèèjì di ara kan. Ọmọ tí wọ́n fà lọ́wọ́ ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ó lè máa lọ sọ́tùn-ún nígbà tí ìyá ń lọ sósì, ó lè máa sáré nígbà tí ìyá ti dúró, bó bá sì kọsẹ̀, ó lè fa ìyá lulẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ kámpà àtijọ́ tí wọ́n gbé kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, tí wọ́n wá gbé ka orí tírélà.

Kí ni kámpà? Ilé kékeré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù ni. Kò ní táyà, kò ní ẹ́ńjìnnì. Sítóòfù gáàsì, fíríìjì, tábìlì àti ibi ìfọwọ́ wà nínú rẹ̀. Ibùsùn wà ní apá òkè tó yọ síwájú bí iwájú fìlà ọlọ́pàá, tó ṣíji bo orí awakọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ọ̀nà ọlọ́dà ń pọ̀ sí i ní ilẹ̀ wọn, irú ilé bẹ́ẹ̀ gbòde. Ní ọdún 1960, òǹkọ̀wé John Steinbeck gbé ọ̀kan sẹ́yìn ọkọ̀ GMC rẹ̀, ó mú ajá rẹ̀ tó ń jẹ́ Charley dání, ó sì rìn yí Amẹ́ríkà ká. Rocinante, orúkọ ẹṣin Don Quixote inú ìtàn àròsọ, ló sọ ọkọ̀ náà. Ìwé tó kọ nípa ìrìn-àjò yìí, Travels with Charley, jáde ní 1962, ọdún kan náà tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ọkọ̀ àti ilé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà ní National Steinbeck Center ní ìlú Salinas, ní Califọ́níà.

Ẹgbẹ́ ilé ẹ̀yìn Rocinante pọ̀ nílẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni ọkọ̀ tó ń pọ̀n wọ́n ti dípẹtà, tí ilé sì kù. Píkọ́ọ̀pù ayé òde òní kì í sábà gba ilé àtijọ́: ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti ga jù, òrùlé ibi tí awakọ̀ ń jókòó náà sì ti ga, nítorí náà apá ilé á gbé lé ibi tí kò yẹ kó gbé lé. Àwọn mìíràn kàn fẹ́ máa já ilé sílẹ̀ ní ibùdó, kí wọ́n lè wa ọkọ̀ lọ ra nǹkan lọ́jà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá tírélà pẹlẹbẹ. Tírélà tí mò ń wí kọ́ ni èyí tó ń ti Àpápá gbé àpótí ẹrù bọ̀ o. Pẹpẹ onírin ni, tó ní táyà méjì tàbí mẹ́rin lábẹ́, tó sì ní imú gígùn níwájú tí wọ́n fi ń kọ́ ọ mọ́ ìdí ọkọ̀. Àwa a máa sọ pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Ìkarahun tiwọn yìí ti wá ní ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Ìwúwo ni ohun àkọ́kọ́ tó yí padà. Nígbà tí ọkọ̀ ń pọ̀n ilé, sípíríǹgì ọkọ̀ ló ń gba gbogbo rẹ̀. Lórí tírélà, táyà tírélà ló gba èyí tó pọ̀ jù, imú rẹ̀ sì gbé ìyókù lé ìdí ọkọ̀. Ìyókù yìí ni ẹ̀mí gbogbo iṣẹ́ náà. Òfin tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé kí imú tírélà gbé ìdá 10 sí 15 nínú 100 gbogbo ìwúwo. Ẹ jẹ́ ká sọ pé kámpà jẹ́ 800 kílò, tírélà 600, ẹrù inú ilé 200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,600. Imú gbọ́dọ̀ wúwo tó 160 kílò, kò sì gbọdọ̀ ju 240 lọ.

Kí ló dé tí a kò kúkú jẹ́ kí ó dọ́gba, kí imú má wúwo rárá? Ẹni tó bá ti ti ọmọlanke rí lọ́jà mọ̀ ọ́n. Bí ẹrù bá pọ̀ sẹ́yìn, iwájú á gbé sókè, ọwọ́ ẹni kò sì ní ká kẹ̀kẹ́ náà mọ́. Tírélà tí ìdí rẹ̀ wúwo á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù bí ajá bí atẹ́gùn bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìrù bá lọ sọ́tùn-ún, á ti ìdí ọkọ̀ sósì. Bí awakọ̀ bá fi ìdágìrì yí ọwọ́ padà, ìjù ìrù náà á tún le sí i, títí ọmọ á fi fa ìyá lulẹ̀. Tí ìjù ìrù bá bẹ̀rẹ̀, ohun tó yẹ ni kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí, kí ó sì fi ọwọ́ tẹ buréèkì tírélà nìkan. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti gbé ilé lé pẹpẹ ni ìwòsàn tòótọ́ wà, kì í ṣe ojú ọ̀nà.

Ẹ wo bí nǹkan kékeré ṣe lè da ìṣirò rú. Ká ní ìwúwo imú jẹ́ 180 kílò, ó dára. Onílé wá gbé táǹkì omi 80 lítà sí ìpẹ̀kun ẹ̀yìn, mítà 2 sí ẹ̀yìn àárín táyà, nígbà tí ibi ìkọ́ wà ní mítà 4 sí iwájú àárín táyà. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Kílò 80 yẹn, ní ìlọ́po 2, pín sí 4, á gbé imú sókè pẹ̀lú 40 kílò. Ohun tó jẹ́ 180 di 140, tírélà tó ń rìn jẹ́jẹ́ lánàá á sì máa ju ìrù lónìí. Orí táyà gan-an ló yẹ kí táǹkì àti bátìrì jókòó sí.

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n ńlá lè lo èyí tí wọ́n fi ń wọn ara nílé. Ẹ wá pákó líle kan, ẹ gbé orí rẹ̀ kan lé òṣùwọ̀n, ẹ gbé orí kejì lé irin tó ga bákan náà. Ẹ wá sọ imú tírélà kalẹ̀ sórí pákó náà, kí ó jìnnà sí irin ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ó sì jìnnà sí òṣùwọ̀n ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni òṣùwọ̀n á rí. Bó bá ka 60, 180 ni imú gbé.

Lẹ́yìn ìwúwo, ó kan ọ̀já. Ìsàlẹ̀ kámpà ṣe tóóró, nǹkan bíi mítà kan àti díẹ̀, torí wọ́n gé e kí ó lè wọ àárín ibi tí táyà ọkọ̀ gbà yọ sókè. Òkè rẹ̀ ló fẹ̀. Lórí pẹpẹ, ìdí tóóró tó ru òkè fífẹ̀ nìyẹn, atẹ́gùn sì ń wá a. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá atẹ́gùn á di ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n a tẹ́ rọ́bà nípọn sábẹ́ kí ó má baà yọ̀, wọ́n a sì fi irin àlọ́fún de igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pẹpẹ. Àmọ́ ara igi inú ògiri ni ìkọ́ àwọn igun yẹn wà. Bí igi bá ti jẹrà, ọ̀já kàn so mọ́ aṣọ ni, kò so mọ́ ọmọ. Kí imú tírélà sì gùn tó, kí ibi ibùsùn tó yọ síwájú má baà gbá ọkọ̀ nígbà tó bá ń kọ́nà.

Ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń dúró. Inú àgbá táyà tírélà ni òòfà oníná kan wà. Bí awakọ̀ bá tẹ buréèkì, ẹ̀rọ kékeré tó wà níwájú rẹ̀ á rán iná gba inú wáyà aláwọ̀ búlúù lọ síbẹ̀. Òòfà á lẹ̀ mọ́ ara àgbá tó ń yí, àgbá á wọ́ ọ lọ díẹ̀, wíwọ́ yẹn á sì ti apá irin kan tí yóò tẹ buréèkì mọ́ ara àgbá. Bátìrì kékeré kan tún wà lára tírélà, pẹ̀lú okùn tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀. Bí ìkọ́ bá já lọ́nà, okùn á yọ pínnì kan, bátìrì á sì tẹ buréèkì láìsí awakọ̀. Ní ti iná ẹ̀yìn, bó bá ń ṣe bàìbàì, tí títan iná kan ń mú òmíràn ṣẹ́jú, ẹ má tíì pààrọ̀ gílóòbù. Wáyà funfun tí wọ́n dè mọ́ irin ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìpẹtà ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Kí wọ́n tó gbé ilé lé pẹpẹ rárá ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ wádìí omi. Páànù alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara kámpà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni egungun rẹ̀. Ní gbogbo igun, ọ̀pá alumíníọ̀mù kan bo ojú ìpàdé páànù, síkúrúù dè é, àtè sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àtè yẹn a máa gbẹ, a sì máa sán bó bá pẹ́. Omi á gba ojú síkúrúù wọlé, á rin igi láti inú wá, gbogbo ohun tí onílé á sì rí kò ju àmì omi lára ògiri lọ. Jíjìgìjìgì tírélà lójú ọ̀nà tún ń ṣí ojú ìpàdé náà sí i. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí wọ́n tú ọ̀pá igun, kí wọ́n ha àtè àtijọ́ kúrò pátápátá, kí wọ́n gé igi tó jẹrà sọnù, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò, kí wọ́n sì fi àtè butyl, tí í máa rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, dè é padà. Bí wọ́n bá ń dá páànù padà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí tòkè lè gun tìsàlẹ̀, bí àwọn kápẹ́ńtà wa ṣe ń kan òrùlé. Ẹni tó bá fi silikónì pa ojú síkúrúù láti ìta kò tún nǹkan ṣe. Ó ti omi mọ́lé ni, àtè mìíràn kì í sì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀ mọ́.

Fíríìjì inú rẹ̀ ló máa ń ya àlejò lẹ́nu jù, torí iná gáàsì ló ń mú un tutù. Baltzar von Platen àti Carl Munters, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Stockholm, ló ṣe é jáde ní 1922. Ẹni tó bá mọ àmù ti mọ ìdajì àṣírí rẹ̀: omi inú àmù ń tutù nítorí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ń yọ lára amọ̀, ó ń gbẹ, ohun tó bá sì ń gbẹ a máa gba ooru lára ohun tó kù. Nínú fíríìjì yìí, amóníà ló ń ṣe iṣẹ́ omi àmù. Iná gáàsì kékeré á se omi tí amóníà ti yòrò sínú rẹ̀. Amóníà á bọ́ sókè bí èéfín, á tutù lẹ́yìn fíríìjì, á di olómi, á sì ṣàn wá sí ibi tí haidirójìn ti ń dúró dè é. Haidirójìn ló ń jẹ́ kí ó lè tètè gbẹ níbẹ̀, bó ṣe ń gbẹ ló ń gba ooru lára oúnjẹ. Omi á tún fa amóníà mu, wọ́n á padà sórí iná. Kò sí mọ́tò, kò sí ariwo. Fíríìjì oníkẹrosíìnì tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára ní àwọn ilé ìwòsàn ìgbèríko wa kó tó di pé iná mànàmáná dé, ọ̀nà kan náà ló ń gbà ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ṣíṣàn ni gbogbo rẹ̀, ohun tó bá sì ń ṣàn fẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí ilé bá dagun, olómi á dúró síbi kan, ibi ìsè á gbẹ, oògùn adènà ìpẹtà inú rẹ̀ á dì, á sì dí ọ̀nà títí ayé. Níbí ni fífà ti sàn ju pípọ̀n lọ: jáàkì wà ní imú tírélà, ẹ fi ọwọ́ yí i títí omi inú àwo á fi dúró déédéé. Ẹ má sì gbàgbé pé gáàsì wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló ń lọ bó bá jò. Àpótí sílíńdà gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀ tó ṣí síta, omi ọṣẹ ni kí ẹ sì fi wá ibi tó ń jò, kì í ṣe ìṣáná.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá parí ni ọ̀ṣọ́ kàn. Àlàfo abẹ́ apá ilé lọ́tùn-ún lósì á gba àpótí irinṣẹ́. Àtẹ̀gùn lè kúrú, torí pẹpẹ tírélà lè rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ. Ọ̀dà àti aṣọ fèrèsé á tẹ̀lé e. Ohun tí ẹ bá fi kún un, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì tún imú wọ̀n. Ìrìn àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jìnnà. Tó bá di nǹkan bí 80 kìlómítà, ẹ dúró, ẹ tún nọ́ọ̀tì táyà fún, ẹ fọwọ́ kan àárín táyà bóyá ó ń gbóná, ẹ sì yẹ irin àlọ́fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ìyá ọlọ́mọ pàápàá a máa dúró lọ́nà, a tún ọ̀já so.